Ìsọ̀yè Inú Fóònù

Bébà méjì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ní ọgbà Yunifásítì George Mason, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ka ti àkọ́kọ́ yóò rí i pé ìdárayá ọpọlọ ni wọ́n ń pe òun sí, pé ìwádìí lóríṣiríṣi ti fi hàn pé irú ìdárayá bẹ́ẹ̀ ń mú òye èèyàn pọ̀ sí i. Bébà kejì kò dárúkọ ọpọlọ rárá. Gbogbo ohun tó wí kò ju pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá máàkì tí wọ́n ń fún àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún ìwádìí fi í-meèlì ránṣẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn kan náà ni bébà méjèèjì ti wá, ibì kan náà ni wọ́n sì ń darí èèyàn lọ.

Èèyàn 50 ló jẹ́ ìpè náà, 25 láti ìdí bébà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́kọ́ dán làákàyè gbogbo wọn wò. Lẹ́yìn ìyẹn, oníkálukú jókòó ti kọ̀ǹpútà fún wákàtí kan, eré kan náà ni gbogbo wọn ṣe, wọ́n sì tún padà dán wọn wò. Àwọn tí bébà máàkì mú wá ṣì wà níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tí bébà ọpọlọ mú wá ti gòkè. Tí a bá fi òṣùwọ̀n IQ wọ̀n ọ́n, ìgòkè náà tó máàkì 5 sí 10. Cyrus Foroughi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ yìí, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ tó ń jẹ́ PNAS sì gbé e jáde ní 2016.

Wákàtí kan péré. Ọmọ tó ń kọ́ ìsọdipúpọ̀ onímèje lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó lè dá a kà láìwo ara ògiri. Kò sí bí wákàtí kan ṣe lè tún ọpọlọ ẹnikẹ́ni mọ. Ohun tó ya ọ̀wọ́ méjèèjì sọ́tọ̀ ni ohun tí wọ́n ń retí nígbà tí wọ́n ń wọlé.

Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé ó yẹ kí bébà méjì yẹn wà lọ́kàn òbí tó ń sanwó áàpù ọpọlọ fún ọmọ rẹ̀, kó wà lọ́kàn àgbàlagbà tí wọ́n ń ta eré ìrántí fún lórí fóònù, kó sì wà lọ́kàn ẹni tó ń gba owó ìpolówó irú ọjà bẹ́ẹ̀, tó fi mọ́ àwa fúnra wa. Ìrètí lágbára, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ilé ni oníbàárà ti gbé ìrètí tirẹ̀ wá. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó wé e lọ́ràá, tó tún tà á padà fún un lórúkọ ọpọlọ, ó yẹ ká bi í léèrè ohun tó wà nínú igbá tirẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. A ti ní ìsọ̀yè, oògùn ìrántí tiwa, kí ẹnikẹ́ni tó mọ kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú àwa tó ń kọ ojú ìwé yìí lá a nígbà tó wà ní fọ́ọ̀mù fáìfù, ní ọdún tó fẹ́ ṣe WAEC. Ìyẹ̀fun dúdú ni, inú ìgò kékeré tí wọ́n ti fi ta oògùn ikọ́ rí ni wọ́n rọ ọ́ sí, oyin ni wọ́n ní kó máa fi lá a. Bàbá tó ṣe é fún un ní òfin mẹ́ta. Ìdájí ni kó máa lá a, oòrùn ò gbọdọ̀ bá a lẹ́nu rẹ̀. Tó bá ti lá a, kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni tó bá kí i lóhùn. Kó wá gbé ìwé tó bá fẹ́ kó dúró sí i lórí, kó máa kà á sókè títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì gbáko. Ó yege. Títí di òní, ìyá rẹ̀ ò yé sọ ọ́ pé oògùn bàbá yẹn jẹ́ bí iná.

Ẹ tún òfin mẹ́ta yẹn wò. Ọmọ tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí, tí kò bá ẹnikẹ́ni tàkúrọ̀sọ, tó ń ka ìwé sókè fún wákàtí méjì lójoojúmọ́ fún oṣù méjì, kí ni kò ní jẹ́ kó yege? Bàbá náà gbọ́n. Ó mọ̀ pé ariwo òbí kò lè jí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lórí ibùsùn, àmọ́ ìgbàgbọ́ nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n fowó rà lè jí i. Ohun tí kò sẹ́ni tó ṣe ni pé kí wọ́n bu eérú lásán fún ọmọ mìíràn, kí wọ́n fún òun náà ní òfin mẹ́ta kan náà, kí á wá wo ẹni tí yóò yege jù nínú àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ìyẹ̀fun inú ìgò yẹn lè ní agbára, ó sì lè má ní. Kíkà ìdájí oṣù méjì ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ awo Ifá pẹ̀lú ń lo ìsọ̀yè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé nítòsí wọn rí mọ̀ pé ọdún gbọọrọ ló fi ń ké ẹsẹ inú Odù 256 tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ kó tó lè dá dúró níwájú ọpọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Virginia. Dual n-back ni wọ́n ń pe eré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí lè fojú ọmọdé wò ó. Àpótí kékeré kan yóò máa yọ lójú kọ̀ǹpútà, yóò yọ ní igun òkè, yóò pòórá, yóò tún yọ nísàlẹ̀. Bó ṣe ń yọ ni ohùn kan ń pe lẹ́tà sí ọ létí. Bí àpótí bá padà síbi tó wà ní ìgbà méjì sẹ́yìn, kí o tẹ bọ́tìnnì kan. Bí lẹ́tà bá jẹ́ èyí tí o gbọ́ ní ìgbà méjì sẹ́yìn, kí o tẹ òmíràn. Bí o bá ń mọ̀ ọ́n, wọ́n á sún un sí ìgbà mẹ́ta, wọ́n á tún sún un sí mẹ́rin. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń ka owó, tó tún ń ka ọmọ ayò, tí ẹnì kan wá dúró sí i lórí tó ń bi í pé, èwo lo kà ṣáájú èyí tó ṣáájú? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ̀ ti tó láti mú kí iwájú orí èèyàn gbóná.

Eré yìí ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Ní 2008, Susanne Jaeggi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú PNAS yìí kan náà pé àwọn tó ṣe é fún ọjọ́ 8 sí 19 ṣe dáadáa sí i nínú ìdánwò òye tí kò jọ eré náà rárá, àti pé bí ọjọ́ wọn ṣe pọ̀ tó ni èrè wọn ṣe pọ̀ tó. Òye tí wọ́n ń sọ yìí ni èyí tí èèyàn fi ń tú ohun tí kò rí rí, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé bí Elédùmarè bá ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yóò ṣe máa gbé e kiri. Ìròyìn náà tàn. Àwọn mìíràn tún un ṣe. Àwọn kan rí ohun tí Jaeggi rí, àwọn kan kò rí nǹkan kan. Nígbà tí ẹgbẹ́ Foroughi wá yẹ ọ̀nà tí wọ́n gbà kó èèyàn jọ fún àwọn ìwádìí náà wò, wọ́n rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò fi pamọ́ fún àwọn tó wá pé ìdárayá ọpọlọ ni wọ́n wá ṣe. Ẹni tó wá ti mọ ohun tó wá gbà.

Kí ni ìrètí wá lè ṣe nínú yàrá ìdánwò? Ẹ wo irú ìdánwò tí wọ́n fi ń wọn òye yìí. Àwòrán mẹ́jọ ni wọ́n tò ní ìlà mẹ́ta, ojú kẹsàn-án ṣófo, kí o wá èyí tó bá a mu nínú àwọn tó wà nísàlẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀rẹ̀ kò le. Tó bá di ti ìgbẹ̀yìn, ìlà ń gun ìlà, àmì kan ń pa àmì kejì rẹ́, ojú a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú èèyàn. Ẹni tó wá gba máàkì ìyọ̀ǹda yóò wò ó díẹ̀, yóò mú ọ̀kan láìrò ó, yóò ṣí ìwé síwájú. Ẹni tó gbà pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n ọpọlọ òun tán yóò tún tẹjú mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀kan sí i yẹn lè mú ìdáhùn méjì tàbí mẹ́ta wá tí kì bá tí rí, sùúrù rẹ̀ ló sì gùn, ọpọlọ rẹ̀ ò kúrò níbi tó wà. Àlàyé tiwa nìyí o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó ṣe JAMB rí yóò mọ̀ pé kò jìnnà sóòótọ́.

Níbi tí wọ́n ti ń dán oògùn wò, wọ́n ti rí ọgbọ́n dá sí i tipẹ́. Wọ́n á fún àwọn kan ní hóró oògùn, wọ́n á fún àwọn yòókù ní hóró tó jọ ọ́ bí ìbejì àmọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú. Ẹni tó ń gbé e mì kò mọ èyí tó kan òun, ẹni tó ń fún un náà kò mọ̀. Ìrètí gbogbo wọn á dọ́gba, ohun tó bá ṣẹ́kù, ti oògùn ni. Eré ọpọlọ kò ṣeé fi pamọ́ báyẹn, torí ẹni tó ń ṣe eré mọ eré tó ń ṣe. Ní 2013, Walter Boot, Daniel Simons àti àwọn ẹgbẹ́ wọn fi ọ̀rọ̀ yìí hàn ní ọ̀nà kan tó dùn mọ́ wa nínú. Wọ́n fi fídíò eré kọ̀ǹpútà han àwọn èèyàn, wọ́n ṣàlàyé oríṣiríṣi ìdánwò fún wọn, wọ́n wá ní kí wọ́n sọ ìdánwò tí eré kọ̀ọ̀kan yóò ran èèyàn lọ́wọ́ sí. Àwọn èèyàn náà kò ṣe eré kankan, síbẹ̀ ohun tí wọ́n sọ bá èsì tí àwọn ìwádìí ti ń gbé jáde mu rẹ́gí: eré ìbọn ni wọ́n ní yóò mú ojú yá, Tetris ni wọ́n ní yóò jẹ́ kéèyàn lè yí àwòrán po lọ́kàn. Bí ẹni tó kàn wo fídíò bá lè sọ èsì ìwádìí, ó yẹ kí ẹni tó ṣe ìwádìí náà tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ rò.

Àwọn tó ń tajà ò dúró de àríyànjiyàn yìí. Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Berger lọ sí Ìbàdàn mọ ọkùnrin tó ń dìde ní àárín ọkọ̀, tó ń gbàdúrà fún awakọ̀ àti èrò, kó tó fa ìgò jáde nínú báàgì. Kì í sọ ohun tó wà nínú ìgò. Ẹ̀rí ló ń jẹ́: màmá kan tí kò lè dìde tẹ́lẹ̀, alága kan tó tún pè é padà láti ra ìgò mẹ́fà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà, FTC, fẹ̀sùn irú ọgbọ́n yìí kan ilé iṣẹ́ tó ni Lumosity, áàpù ọpọlọ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láyé nígbà náà. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ náà ń sọ fún aráyé pé ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, yóò mú kéèyàn ṣe dáadáa níbi iṣẹ́ àti nílé ìwé, yóò sì lé iyè rírà jìnnà sí àgbàlagbà, láìní ìwádìí tó gbè é lẹ́sẹ̀. Owó rẹ̀ nígbà náà bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 14.95 lóṣù títí dé 299.95 fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ títí ayé. Wọ́n ra ọ̀rọ̀ bí ìrántí àti Alzheimer's lórí Google, kó lè jẹ́ pé ìpolówó wọn ni ẹni tí ẹ̀rù ìgbàgbé ń bà yóò kọ́kọ́ rí. Ẹ̀rí tí wọ́n ń gbé jáde náà, ìdíje ni wọ́n fi kó o jọ, wọ́n sì ṣèlérí iPad àti ìrìnàjò ọ̀fẹ́ lọ sí San Francisco fún àwọn tó bá kọ ọ́. Ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 2 dọ́là. Mílíọ̀nù 50 ni ìdájọ́ náà gan-an, wọ́n kàn dá ìyókù dúró torí pé àpò wọn kò gbà á.

Ẹ fojú sí ti Google yẹn. Wọn kò wá ẹni tí ara rẹ̀ yá lọ. Ìbẹ̀rù àti ìrètí ló ń gbé èèyàn dé ìdí irú ọjà bẹ́ẹ̀, ìrètí yìí kan náà ló sì lè mú kí máàkì ìdánwò gòkè lẹ́yìn wákàtí kan. Owó tí wọ́n bù lé e gan-an ń ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ní 2005, Baba Shiv (orúkọ rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe bàbá tiwa), Ziv Carmon àti Dan Ariely gbé ìwádìí kan jáde tó dà bí àlàyé òwe yìí. Wọ́n ta ohun mímu kan tí wọ́n ní ó ń mú ọpọlọ jí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan rà á ní dọ́là 1.89, àwọn kan rà á ní ẹ̀dínwó, sẹ́ǹtì 89. Nígbà tí wọ́n jókòó ti àdììtú ọ̀rọ̀, àwọn tó rà á ní ẹ̀dínwó ló tú ìwọ̀nba díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun mímu kan náà ni. Ẹ wá ro ohun tí owó gọbọi tí òbí ń san fún "kíláàsì ọpọlọ" ń ṣe lọ́kàn òbí náà nígbà tó ń wo káàdì èsì ọmọ rẹ̀.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ti rí ìdáhùn gbogbo rẹ̀ nínú bébà méjì. Ìwádìí Foroughi ní ihò tirẹ̀, ihò náà ò sì kéré. Kò sẹ́ni tó pín àwọn èèyàn sí ìdí bébà. Àwọn fúnra wọn ló yan èyí tó wù wọ́n. Ẹgbẹ́ náà sì rí i pé àwọn tí bébà ọpọlọ fà mọ́ra gbà ju àwọn yòókù lọ pé làákàyè ṣeé fi kún. Ṣé bébà ló fún wọn ní ìrètí, àbí àwọn onírètí ló lọ bá bébà? Ní 2018, Nicole Tsai àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí Jaeggi fúnra rẹ̀ wà nínú wọn, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé ìdárayá náà yóò ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sọ fún àwọn kan pé kò ní ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọn kò rí ìyàtọ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn ṣe. Ẹni tó ṣe irú eré n-back ṣe dáadáa sí i nínú irú eré bẹ́ẹ̀ tí kò tíì ṣe rí, ohun yòówù kí wọ́n ti sọ fún un. Nígbà tó tún di 2022, Jocelyn Parong àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí Jaeggi tún wà níbẹ̀, rí i pé ohun tí wọ́n bá sọ fún èèyàn ń hàn nínú máàkì rẹ̀. Ìjà náà kò tíì parí. Ó wú wa lórí pé Jaeggi, obìnrin tó dá iná eré yìí sílẹ̀, ni kò yé padà wá wádìí bóyá ìrètí ló ń ta á. Ká ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tó ń tajà ni!

Ìwádìí kan sì wà tí a ò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. ACTIVE ni wọ́n pè é, ọdún 1998 ló bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà 2,832 ló kópa nínú rẹ̀. Nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n fi kọ́ wọn: àwọn kan kọ́ ọgbọ́n ìrántí, àwọn kan kọ́ bí a ṣe ń ro nǹkan já, àwọn kan kọ́ bí ojú àti ọkàn ṣe ń yára mú ohun tó bá kọjá. Àwọn kan kò kọ́ nǹkan kan. Ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn tó kọ́ ìrònú àti àwọn tó kọ́ ìyára ṣì ta àwọn tí kò kọ́ nǹkan kan yọ nínú ohun tí wọ́n kọ́ gan-an. Ìrètí kì í gbé tó ọdún mẹ́wàá, a gbà. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti sọ pé ìgbé ayé ojoojúmọ́ rọrùn fún wọn, bíbójútó owó, síse oúnjẹ, lílo oògùn lásìkò, ẹnu àwọn àgbàlagbà náà ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ìyá ọ̀kan nínú wa, tí wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ń ṣe eré ọ̀rọ̀ lórí fóònù láràárọ̀, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn kì í gbàgbé nǹkan mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a bá wọn wá kọ́kọ́rọ́ ilé láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Etí ìró tí wọ́n ró ni wọ́n so ó mọ́.

Inú wọn dùn sí eré wọn, a ò sì ní gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń mú wọn rẹ́rìn-ín, ó ń mú kí wọ́n máa pe àwọn ọmọ wọn láti bi wọ́n ní ọ̀rọ̀. Ní 2010, Adrian Owen àti ilé iṣẹ́ BBC kó èèyàn 11,430 jọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí irú eré báyìí, wọ́n sì rí i pé oníkálukú mọ eré tó ń ṣe sí i, ó sì parí síbẹ̀. Ẹni tó bá ń ta ayò lójoojúmọ́ yóò mọ ayò ta. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá ní ayò náà yóò mú ọmọ yege nínú físíìsì, tó sì gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà lé e lórí.

Ohun kan tún wà tí kì í bọ́ sójú ìpolówó, torí kò sẹ́ni tó lè fi pa owó. Bí ìrètí bá lè gbé máàkì sókè, àìnírètí lè fà á wálẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Robert Rosenthal àti Lenore Jacobson sọ fún àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní South San Francisco pé ìdánwò kan ti fi hàn pé àwọn ọmọ báyìí báyìí yóò tú yọ láàárín ọdún náà. Irọ́ ni; ṣe ni wọ́n kàn ṣa orúkọ jọ. Nígbà tí ọdún yí po, àwọn ọmọ tí wọ́n dárúkọ wọn ní kíláàsì kìn-ín-ní àti ìkejì ti gòkè ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn onímọ̀ ti fa iṣẹ́ yẹn ya títí, wọ́n ní ipa rẹ̀ kéré sí bí ìwé tí wọ́n kọ lé e lórí ní 1968 ṣe gbé e. Kódà kó kéré bẹ́ẹ̀, ẹ wo ohun tí à ń ṣe nílé ìwé tiwa. Olùkọ́ a pe ọmọ dìde, a bi í ní ìbéèrè, ọmọ a kólòlò, olùkọ́ a ní kí gbogbo kíláàsì pè é ní olódo, wọ́n á sì pè é. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Bébà tirẹ̀ nìyẹn, àárín kíláàsì ni wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí. Òbí kan náà ni yóò wá lọ sanwó kíláàsì ọpọlọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Kí wọ́n kọ́kọ́ bá olùkọ́ yẹn sọ̀rọ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba kò pọ̀. Òfin 2018 tó dá FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Nàìjíríà, sílẹ̀ ti ka ìpolówó ẹ̀tàn léèwọ̀, òfin 2022 ti ARCON, àjọ tó ń mójú tó ìpolówó, sì ní kí wọ́n máa yẹ ìpolówó wò kó tó jáde síta. Kí àwọn àjọ méjèèjì wá jókòó ti àwọn tó ń ta ọpọlọ: alágbo, oníáàpù, àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò orí pẹ̀lú ìlérí pé yóò sọ wọ́n di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí wọ́n bi wọ́n: àwọn tí ẹ fi wé àwọn oníbàárà yín, kí ni ẹ ṣèlérí fún wọn? Bó bá jẹ́ pé wọn kò ṣèlérí nǹkan kan fún wọn, tàbí pé wọn kò tilẹ̀ fi wọ́n wé ẹnikẹ́ni, kí ìpolówó náà wọlé padà sínú àpò.

Àwọn olùwádìí wa ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Èkó náà ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ìsọ̀yè ti wà nílẹ̀ ṣáájú gbogbo wa, ìtìjú ni pé a ṣì ń fi ẹnu lásán gbè é tàbí bù ú. Kí wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn jọ, kí àwọn kan lá ojúlówó, kí àwọn kan lá eérú, kí gbogbo wọn gba òfin bàbá yẹn pé pérépéré: ìdájí, ẹnu dídì, ìwé kíkà sókè. Kí ẹni tó ń pín in náà má mọ èwo ni èwo. Ó ṣeé ṣe kí bàbá yẹn borí. Ó sì ṣeé ṣe kí á rí i pé aago mẹ́rin ìdájí ni oògùn náà.

Ní ti àwa fúnra wa, ìwé ìròyìn yìí ti gba owó ìpolówó irú ọjà báyìí rí, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde láìbi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan. A jẹ̀bi. Láti orí ẹ̀dà tó ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ polówó oògùn ìrántí, eré ọpọlọ tàbí kíláàsì làákàyè lọ́dọ̀ wa, kó mú èsì ìwádìí rẹ̀ dání pẹ̀lú owó rẹ̀. Bí kò bá ní, kó mú owó rẹ̀ lọ.